Ẹyin ẹja mi ń hu òwú funfun: ṣé òróró ewéko lè lé e lọ?

Adéja_Tuntun · Ajé, 6:50 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ sú mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta rèé tí mo máa fún ẹyin lára ìyá ẹja àrọ̀, màá po àtọ̀ akọ mọ́ ọn, màá tẹ́ ẹ sórí nẹ́ẹ̀tì nínú báàfù, omi ń ṣàn, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń hó, gbogbo nǹkan á dà bíi pé ó ń lọ dáadáa, àfi kí n jí lọ́jọ́ kejì kí n bá nǹkan funfun kan tó rí bí òwú lára ẹyin. Á kọ́kọ́ wà níbi méjì mẹ́ta, tó bá fi máa di ọ̀sán á ti so wọ́n mọ́ra wọn bíi ìdì irun. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ìwọ̀nba ló pamọ níbẹ̀, ìyókù rà.

Mi ò fẹ́ lo kẹ́míkà líle. Mo kà á pé òróró kànáfùrù, òróró thyme, aáyù, dóńgóyárò, gbogbo wọn ló ń pa fọ́ngọ́ọ̀sì inú omi. Èwo lẹ ti lò tó ṣiṣẹ́, báwo lẹ sì ṣe ń wọ̀n ọ́n?

Kànáfùrù_Lójú · Ajé, 7:15 àárọ̀

Kànáfùrù ni o jàre. Ẹ kán òróró rẹ̀ bíi mẹ́wàá sínú abọ́ ẹyin yẹn, ẹ rò ó pọ̀, ẹ lọ sùn. Nǹkan ewéko ni, kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

ÌyáẸja · Ajé, 7:58 àárọ̀

Ha! Àbúrò Adéja, ẹ má dán an wò o. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò yẹn fún yín.

Òróró kànáfùrù ni àwa tí a ń fún ẹyin lára ẹja fi ń kun ìyá ẹja lóorun kó tó di pé a gbé e. Ohun tó wà nínú rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní eugenol. Bíi 40 sí 60 mg nínú lítà omi kan, ẹja ńlá tó ń jà fitafita á bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀, á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ lè gbé e bí ọmọ tó sùn. Ẹ̀kán kan ṣoṣo látinú ìgò, ó ti tó bíi 50 mg. Ìyẹn ni pé ẹ̀kán kan nínú lítà kan ti tó kun ẹja tó ga tó apá mi. Tí abọ́ yín bá gba lítà márùn-ún tí ẹ wá kán mẹ́wàá sí i, ẹ ti ṣe ìlọ́po méjì. Ẹyin ò ní ibi tí ẹja fi ń mí o, òótọ́ ni, ó lè má mọ̀ ọ́n lára tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó bá pamọ lóru sínú omi yẹn ńkọ́, nígbà tí ẹ wà lórí ibùsùn?

Ìyẹn nìkan kọ́. Òróró kànáfùrù wúwo ju omi lọ. Tí ẹ bá kán an sómi láìjẹ́ pé ẹ ti po nǹkan kan mọ́ ọn, ẹ tẹjú mọ́ ọn dáadáa: á rọ̀ wá sísàlẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́, á jókòó sórí ẹyin. Ẹyin tó bá jókòó lé lórí á jóná, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò ní rí nǹkan kan gbà. Ẹ rò ó, ẹ rò ó, tí ẹ bá ti dáwọ́ dúró yóò tún kóra jọ.

Mi ò ní kò wúlò. Mo ní kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kán sómi kó lọ sùn.

Láàbù_Kékeré · Ajé, 9:30 àárọ̀

Ẹ ṣé mọ̀mí, ẹ ti sọ èyí tó le jù níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un torí nǹkan yìí gan-an ni mo ń kà nílé ẹ̀kọ́.

Ohun àkọ́kọ́, nǹkan funfun yẹn, Saprolegnia ni àbí ìbátan rẹ̀, kì í sì í ṣe fọ́ngọ́ọ̀sì gidi, bó ṣe rí bíi rẹ̀ nìkan ni. Inú ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní oomycete ló wà, àwọn ewédò ló sún mọ́ ju olú lọ. Ara ògiri fọ́ngọ́ọ̀sì gidi, chitin ló wà níbẹ̀, irú èyí tó wà lára èèpo kòkòrò. Tàwọn wọ̀nyí, cellulose ló pọ̀ níbẹ̀, bíi ti ewéko. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ọ̀pọ̀ oògùn fọ́ngọ́ọ̀sì tí ẹ máa rí lórí igbá, ibi tí wọ́n ń kọlù lára fọ́ngọ́ọ̀sì ò sí lára èyí, tàbí ó yàtọ̀ níbẹ̀. Carbendazim, bí àpẹẹrẹ, ẹ lè rọ́ ọ sí i títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní gbọ́. Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, tó wá ń sọ pé oògùn náà ti bàjẹ́.

Èkejì, bó ṣe ń rìn. Ó ń tú nǹkan wẹ́wẹ́ jáde tí wọ́n ń pè ní zoospore, ìrù méjì méjì ló wà lára wọn, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́. Inú omi ni wọ́n ti ń wá ẹyin tó ti kú tàbí ibi tó ti bó lára ẹja. Ní àkókò tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ yẹn, wọn ò tíì ní ògiri lára, ìhòòhò ni wọ́n wà, awọ fẹ́lẹ́ nìkan ló bò wọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni òróró ewéko ti lágbára: thymol àti carvacrol tó wà nínú thyme àti oregano, eugenol tó wà nínú kànáfùrù, awọ fẹ́lẹ́ yẹn ni wọ́n ń dá lu. Àmọ́ tó bá ti jókòó, tó ti mọ ògiri, tó ti ta òwú, ìwọ̀n tó máa pa á á ti pọ̀ gan-an, ó sì lè jẹ́ ìwọ̀n tó máa pa ẹyin náà ni. Ẹ lò ó kó tó dé, ó lè ràn yín lọ́wọ́. Tí ẹ bá dúró dìgbà tí òwú bo ilẹ̀, ẹ ti pẹ́.

BàbáNọ́sìrì · Ajé, 12:04 ọ̀sán

Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹja o, ọmọ tòmátì àti ata ni mo ń gbìn, àmọ́ ẹ̀gbọ́n nǹkan yìí tàbí àbúrò rẹ̀ wà lọ́dọ̀ tèmi náà. Pythium. Ọmọ ata á hù dáadáa, ewé méjì á là, tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kan ìdí rẹ̀ níbi tó ti jáde nínú ilẹ̀ á ti tín-ín-rín bí okùn, á ní omi lára, á sì wó lulẹ̀ pẹ̀lú ewé tútù lórí. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti rí i ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹyọ kan, ojú kan ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa fẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn da omi sílẹ̀.

Lọ́dún kan mo ra òróró oregano, mo kán an sínú kẹ́ẹ̀nì ìbomirin, mo fi omi kún un, mo bomi rin gbogbo tíréè. Igun kan ò rí nǹkan kan, Pythium ń jẹ ẹ́ lọ. Igun kejì, ewé rẹ̀ jó bíi pé mo da omi gbígbóná sí i. Omi kan náà, kẹ́ẹ̀nì kan náà! Mi ò mọ ìdí rẹ̀ àfi ìgbà tí mo ka ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ tí Ìyá Ẹja sọ yìí, tèmi ṣáà wà lókè omi ni, ó ń léfòó.

Ohun tí mo ń lò báyìí ni aáyù. Mo máa ń gún un, màá sè é fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, màá jẹ́ kó tutù, màá sẹ́ ẹ, màá fi bomi rin. Kò jó ewé.

Ewé_Ò_Purọ́ · Ajé, 1:20 ọ̀sán

Bàbá, ẹ má bínú o, kò jó ewé torí pé kò sí nǹkan tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ mọ́. Agbára aáyù tí gbogbo wa ń wí yẹn, allicin, kò sí nínú aáyù tó wà lódindi. Ìgbà tí ẹ bá gún un ni nǹkan méjì tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀ máa pàdé tí wọ́n á di allicin, ìyẹn náà ni òórùn rẹ̀ ṣe ń jáde lójijì tí ọmọ odó bá bà á. Iná ń ba èyí tó ń po wọ́n pọ̀ jẹ́, iná náà sì ń ba allicin fúnra rẹ̀ jẹ́. Tí ẹ bá sè é fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, omi aáyù lásán lẹ ń bù sídìí ata.

Ẹ gún un tútù, ẹ jẹ́ kó jókòó bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ po omi tútù mọ́ ọn, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, ẹ lò ó lọ́jọ́ náà. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ dọ̀la, kì í pẹ́ bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí tíréè kan, torí èyí tó tútù lè jó ewé, kì í ṣe bíi èyí tí ẹ sè.

BàbáNọ́sìrì · Ajé, 1:41 ọ̀sán

Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń sè é o 😅

Àmọ́ ẹ gbọ́, ọmọ ata mi ò kú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kí lẹ máa wí sí ìyẹn?

Láàbù_Kékeré · Ajé, 2:10 ọ̀sán

Bàbá, ṣé ẹ yí nǹkan mìíràn padà lọ́dún tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lo aáyù?

BàbáNọ́sìrì · Ajé, 2:33 ọ̀sán

Mo lu ihò sí ìdí tíréè, torí omi ń dúró níbẹ̀. Mo sì dín omi tí mo ń bù kù. Hmm.

Kànáfùrù_Lójú · Ajé, 3:05 ọ̀sán

Ẹ ti sọ mí di apànìyàn níbí yìí. Mo ti lò ó o! Ẹyin tèmi pamọ. Mo gbà pé ẹ̀kán mẹ́wàá tí mo wí yẹn, inú tánkì ńlá tí omi ń ṣàn wọlé ṣàn jáde ni, kì í ṣe abọ́, ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé májèlé ni gbogbo ewéko. Kí ni dóńgóyárò ṣe? Ewé rẹ̀ kì í ṣe ẹja ní nǹkan kan.

ÌyáẸja · Ajé, 3:40 ọ̀sán

Mi ò pè yín ní apànìyàn, ọ̀gá mi. Inú tánkì tí omi ń ṣàn, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti gbá a lọ, ó lè jẹ́ pé kò tiẹ̀ sí òróró níbẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹ fi padà lọ wò ó. Ṣé ẹ rí i?

Ti dóńgóyárò, ẹ má rò bẹ́ẹ̀ o. Tó bá pọ̀ lómi, ó ń pa ẹja. Rotenone tí wọ́n fi ń pa ẹja inú adágún, ara gbòǹgbò igi ni wọ́n ti yọ òun náà. Pé nǹkan ti ara igi wá kò sọ nǹkan kan nípa pé ó rọra.

Èyí tó tún máa ń bí mi nínú ni omi ewé tí wọ́n gún tí wọ́n dà sínú abọ́ ẹyin bẹ́ẹ̀. Omi aláwọ̀ ewé yẹn, oúnjẹ ni fún bakitéríà. Ní wákàtí díẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìfóòfó, á máa yọ̀ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, bakitéríà á fa ọ́síjìn tán, ẹyin tó wà nísàlẹ̀ á kú, tó bá kú tán Saprolegnia á ní ibi tó máa jókòó. Èèyàn á wá ní àrùn náà le ju oògùn lọ.

Láàbù_Kékeré · Ajé, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀rọ̀ kan péré lórí dóńgóyárò kó má baà dàrú mọ́ ẹni tó bá ń kà á lẹ́yìn: òróró dóńgóyárò kì í ṣe essential oil. Inú kóró rẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde, òróró tó wúwo ni, tẹ́ ẹ bá kán an sórí ìwé, àbàwọ́n rẹ̀ ò ní lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní essential oil, ooru omi gbígbóná ni wọ́n fi ń gbé e jáde lára ewé, òdòdó tàbí èèpo, ó lóòórùn, ó sì máa ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ kán òróró thyme sórí ìwé, ẹ padà wá lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkan kan níbẹ̀. Nínú omi tí afẹ́fẹ́ ń hó, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn, ó ń bá ìfóòfó jáde. Ìyẹn ni pé ìwọ̀n tí ẹ fi sí i lágogo mẹ́jọ kọ́ ló wà níbẹ̀ lágogo méjìlá.

Èyí tó tún ń kó bá wa ni pé ìgò méjì tí orúkọ kan náà wà lára wọn lè yàtọ̀ síra. Ẹfinrin ńlá, tèmi tí mo yọ lè kún fún thymol, ti ẹlòmíràn kó kún fún eugenol, ewé kan náà ni lójú. Thyme náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn kan ò ní thymol tó ṣe pàtàkì nínú. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "kán mẹ́ta", ẹ bi í pé mẹ́ta ti èwo.

OmiTútù · Ajé, 8:22 alẹ́

Ẹja trout ni mo ń sìn, ẹyin tiwa ń tó bíi oṣù kan kó tó pamọ nínú omi tútù, nítorí náà Saprolegnia ni ọ̀gá ọ̀tá wa, a ti bá a jà tí ó ti di bíi ẹbí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá fún ẹ̀yin ọ̀dọ́.

Láyé àtijọ́, malachite green ni gbogbo ayé ń lò. Díẹ̀ báyìí, òwú á pòórá. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó máa ń wọ ẹran ara ẹja lọ, ó máa ń pẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń fura pé ó lè fa jẹjẹrẹ. Amẹ́ríkà ò fọwọ́ sí i fún ẹja jíjẹ, ilẹ̀ Yúróòpù náà kà á léèwọ̀. Ìgbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa ni gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sá kiri, àwọn kan lọ sí fọ́málíìnì tó ń ta imú àti ojú, àwọn kan lọ sí ewéko. Mo ti dán thyme wò, mo ti dán tea tree wò. Nínú abọ́ kékeré wọ́n ń ṣiṣẹ́. Nínú tíréè ńlá mi ò rí i kí ó ṣe nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bóyá ọwọ́ mi ni, mi ò mọ̀.

Ohun tí mo padà sí ni pẹròsáìdì, hydrogen peroxide. Tó bá ṣiṣẹ́ tán, omi àti ọ́síjìn ló ń dà, kò sí nǹkan tó ń ṣẹ́kù lára ẹja. 500 sí 1000 mg nínú lítà kan, ìṣẹ́jú 15, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kí omi tún máa ṣàn padà. Tí èyí tí ẹ ní bá jẹ́ 3%, ml 17 nínú lítà omi kan ló máa fún yín ní 500. Èyí tó jẹ́ 35% ńkọ́, kò ju ml kan lé díẹ̀ lọ, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, ó ń jó awọ funfun báláú. Tó bá ku díẹ̀ kí ẹyin pamọ ẹ dáwọ́ dúró.

Ẹ kọ́kọ́ fi ẹyin díẹ̀ dán an wò kẹ́ ẹ tó fi gbogbo rẹ̀ sí i, torí ẹja yàtọ̀ síra.

Ewé_Ò_Purọ́ · Ajé, 9:01 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, Adéja ní òun ò fẹ́ kẹ́míkà líle. Pẹròsáìdì 35% kọ́ ni ewéko.

OmiTútù · Ajé, 9:09 alẹ́

Carvacrol náà kẹ́míkà ni. Ẹ da òróró oregano tí ẹ ò là sọ́wọ́, ẹ wá sọ fún mi èwo ló le nínú àwọn méjèèjì.

ÌyáẸja · Ìṣẹ́gun, 5:45 àárọ̀

Mi ò lè sùn torí ọ̀rọ̀ yìí lol. Adéja, gbogbo wa ti ń sọ̀rọ̀ oògùn láti àná, kò sẹ́ni tó bi yín ní ìbéèrè tó yẹ.

Ẹja àrọ̀ ni tiyín. Tí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi 28, ẹyin rẹ̀ kì í ju bíi ọjọ́ kan lọ kó tó pamọ. Kì í ṣe trout. Saprolegnia kì í ní àkókò tó láti pa ẹyin tó yè láàárín wákàtí yẹn bí kò bá jẹ́ pé ó ti rí òkú púpọ̀ jẹ. Ẹyin tó yè ni ó mọ́lẹ̀ gaara, àwọ̀ ilẹ̀ tó fẹ́ fara pẹ́ ewé. Èyí tó kú tàbí tí àtọ̀ ò bá á, á di funfun bíi ẹfun, ara èyí ni òwú ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa na ọwọ́ sí aládùúgbò rẹ̀. Òwú yẹn ló tẹ̀lé òkú wá, òun kọ́ ló kọ́kọ́ pa á.

Torí náà: báwo ni ẹ ṣe ń tẹ́ ẹ? Ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni àbí ó ń gun ara wọn? Ẹyin àrọ̀ ń lẹ̀ mọ́ra, èyí tó bá wà láàárín òkìtì ò ní rí afẹ́fẹ́. Báwo ni àtọ̀ náà ṣe pẹ́ tó kẹ́ ẹ tó da omi sí i? Tí omi bá ti kan àtọ̀, bíi ìṣẹ́jú kan ló ní, ó parí. Nẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́, ṣé ẹ máa ń sá a kó gbẹ ṣáṣá láàárín ìgbà kan sí èkejì, àbí ẹ kàn ń ṣan án?

Adéja_Tuntun · Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀

Mọ̀mí, ẹ ti mú mi. Ó ń gun ara wọn o, torí báàfù mi kéré, mo sì fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wọ̀ ọ́. Nẹ́ẹ̀tì, mo kàn ń ṣan án ni, inú bókẹ́ẹ̀tì omi ló máa ń wà títí di ìgbà míì. Àtọ̀ yẹn, mo máa ń fi omi sí i lákọ̀ọ́kọ́ kó lè tó, kí n tó wá dà á sórí ẹyin...

ÌyáẸja · Ìṣẹ́gun, 7:34 àárọ̀

Omi lákọ̀ọ́kọ́!!! Ọmọ mi. Omi iyọ̀ tí wọ́n ń fà sí ara èèyàn nílé ìwòsàn ni ẹ máa fi là á tó bá kéré, kì í ṣe omi lásán. Tí omi lásán bá ti bà á, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, kó tó dé orí ẹyin ó ti rẹ̀ ẹ́.

Nẹ́ẹ̀tì inú bókẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ̀yin lẹ ń sin Saprolegnia. Ẹ sè é àbí ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ.

Adéja_Tuntun · Ìṣẹ́gun, 7:52 àárọ̀

Mo gbọ́ mọ̀mí. Màá ṣe gbogbo rẹ̀. Àmọ́ mo ṣì fẹ́ dán òróró thyme wò, mo ti rà á, mi ò lè jù ú nù. Báwo ni mo ṣe máa là á tí kò fi ní di ìlẹ̀kẹ̀?

Láàbù_Kékeré · Ìṣẹ́gun, 9:18 àárọ̀

Ẹ wá ethanol tó mọ́. Kì í ṣe sípíríìtì aláwọ̀ tí wọ́n fi ń tanná o, nǹkan mìíràn tó ń pa ni wọ́n pò mọ́ ìyẹn. Ẹ fi síríńjì fa òróró ml kan, ẹ fi ethanol ml mẹ́sàn-án sí i nínú ìgò kékeré tó ní ìdérí, ẹ mì í. Ẹ ó rí i pé ó mọ́ gaara, kò sí ìlà láàárín wọn. Ìyẹn ni ìyá oògùn yín. Tí ẹ bá fa 0.1 ml nínú rẹ̀ sínú lítà omi kan, ẹ ti ní ìdá mẹ́wàá nínú mílíọ̀nù kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì ìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ rò ó sínú ife omi kan, kí ẹ tó da ife náà sínú abọ́, ẹ má tu ú sórí ẹyin tààrà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe abọ́ kan. Ẹ ṣe mẹ́rin, kí ẹyin tó wà nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìyá kan náà, akọ kan náà. Ọ̀kan, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Ìkejì, ẹ máa ṣa ẹyin funfun kúrò, kò sí oògùn. Ìkẹta, ethanol nìkan ní ìwọ̀n kan náà, kí a lè mọ̀ bóyá ethanol ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìkẹrin, thyme. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó ṣe bíi Bàbá Nọ́sìrì, ẹ ó lu ihò sí tíréè, ẹ ó wá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ aáyù.

BàbáNọ́sìrì · Ìṣẹ́gun, 9:40 àárọ̀

Ọmọ yìí o 😂😂

Adéja_Tuntun · Àìkú, 8:10 alẹ́

Mo ti dé o. Mo sá nẹ́ẹ̀tì sóòrùn ọjọ́ méjì. Mo tẹ́ ẹyin ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ ni mo sì lò. Ṣùgbọ́n omi iyọ̀ yẹn, mi ò rí i rà lásìkò, mo kàn da àtọ̀ sí ẹyin gbẹ, mo fi ìyẹ́ adìẹ rò ó, kí n tó da omi sí i.

Abọ́ àkọ́kọ́, tí mi ò fọwọ́ kàn: òwú jáde, àmọ́ kò tó bíi ti tẹ́lẹ̀, ojú kan péré, lára ẹyin funfun mẹ́rin tó lẹ̀ mọ́ra ló ti bẹ̀rẹ̀, mo jókòó tì í mo ń wò ó, ó na ọwọ́ sí ẹyin kan tó ṣì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó tó di alẹ́ ìyẹn náà ti funfun. Abọ́ kejì, tí mo ń fi ọ̀pá onírọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi ṣa òkú kúrò: kò sí òwú rárá, àfi ọrùn mi tó ń dùn mí. Abọ́ kẹta, ethanol nìkan, dà bíi àkọ́kọ́. Abọ́ kẹrin, thyme: ẹyin funfun wà níbẹ̀ mi ò ṣà á, òwú ò jáde títí ó fi pamọ, bíi kíún lára ọ̀kan ni. Inú mi dùn. Àmọ́ nígbà tó pamọ tán, àwọn ọmọ inú abọ́ kẹrin ò ń ta pọ́ún pọ́ún bíi ti abọ́ kejì, wọ́n kàn fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo sáré pààrọ̀ omi, lẹ́yìn wákàtí bíi méjì wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mira.

OmiTútù · Àìkú, 8:31 alẹ́

Ó kun wọ́n lóorun. Ẹ yọ ọ́ kúrò kó tó pamọ nígbà míì, bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú.

Kànáfùrù_Lójú · Àìkú, 8:40 alẹ́

Ó ṣiṣẹ́ ṣá! Ewéko ṣiṣẹ́! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ewé_Ò_Purọ́ · Àìkú, 8:44 alẹ́

Ọwọ́ tó ṣa òkú náà ṣiṣẹ́, kò sì kun ẹnì kankan lóorun.

Láàbù_Kékeré · Àìkú, 9:02 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o, ẹ tún un ṣe kí a tó gbà. Mélòó ló pamọ nínú ọgọ́rùn-ún ní abọ́ kọ̀ọ̀kan?

Adéja_Tuntun · Àìkú, 9:06 alẹ́

Mi ò kà á 🙈 mo kàn fojú wò ó ni.

ÌyáẸja · Àìkú, 9:15 alẹ́

Ẹ kà á nígbà míì. Ẹ gé nẹ́ẹ̀tì kékeré kan tó gba bíi igba ẹyin, ẹ ka èyí tó funfun nígbà tó bá pé wákàtí méjìlá, kí ẹ tó fi nǹkan kan sómi. Tó bá ti ju ìdajì lọ níbẹ̀, ẹ fi òróró sílẹ̀, akọ yẹn lẹ máa lọ wò.

Adéja_Tuntun · Àìkú, 9:21 alẹ́

Ó dáa mọ̀mí. Ọjọ́rú ni màá tún fún ẹyin, màá kà á.